Ajá Ilẹ̀ Òtútù àti Ajá Ọdẹ Ẹ̀dẹ

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé kíkà lẹ fẹ́ràn ju gbígbọ́ lọ, ohun tí a sọ nínú ètò ìtàn wa la kọ síbí, a kàn yọ ikọ́ àti ẹ̀rín kúrò nínú rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ajá la fẹ́ sọ lónìí. Ọmọkùnrin kan ló kọ̀wé sí wa láti Sẹ̀kọ̀nà, ní agbègbè Ẹ̀dẹ. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, òun náà sì máa ń dẹ ìgbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iṣẹ́ oko bá dínkù. Ajá méjì tó kù fún wọn nílé ti darúgbó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó wá ní òun máa ra ọmọ ajá husky fún un, ajá onírun yẹtuyẹtu tí ẹyinjú rẹ̀ máa ń dà bí ojú sánmà, èyí tí a ń rí nínú fọ́nrán àwọn gbajúmọ̀. Bàbá wọn gbọ́, ó ní òun kò ní bá wọn dá sí i. Ìbéèrè tí àbúrò wa yìí wá bi wá ni pé: ṣé ajá yìí lè ṣọdẹ ní Sẹ̀kọ̀nà, àbí owó ni wọ́n fẹ́ jù sígbó? Owó náà kì í ṣe kékeré, ó tó ra ewúrẹ́ mélòó kan.

Mo lè fi gbólóhùn kan dá a lóhùn kí n sì lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ìtàn wà nínú ìbéèrè náà, ó sì jìnnà ju ibi tí òun fúnra rẹ̀ rò lọ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ajá náà ti wá.

Àwọn Chukchi ló ń sin ajá tí wọ́n ń pè ní Siberian Husky. Ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn Siberia ni wọ́n ń gbé, níbi tí omi òkun fúnra rẹ̀ ti máa ń dì. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ajá yìí ṣe ni kí ó máa fa ẹrù lórí yìnyín, lórí ohun kan tó dà bí ọmọlanke tí kò ní táyà. Ní nǹkan bí ọdún 1909 ni oníṣòwò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Goosak kó irú wọn sọdá sí Nome, ní Alaska, láti fi wọ́n díje nínú eré sísá. Àwọn ará ibẹ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí wọ́n kéré sí àwọn ajá tí ojú wọn ti mọ́. Nígbà tó máa fi di ọdún 1910, ajá Siberia ló gba ipò kìíní. Yẹ̀yẹ́ parí.

Ohun tó sọ wọ́n di olókìkí káàkiri ayé ni ti ọdún 1925. Àrùn diphtheria, tó ń dí ọ̀fun àwọn ọmọdé pa, bẹ́ sílẹ̀ ní Nome. Òógùn wà, ṣùgbọ́n ó jìnnà. Ọkọ̀ òfuurufú kò lè fò nínú òtútù náà, ọkọ̀ ojú omi kò lè gba inú yìnyín kọjá. Ajá ni wọ́n fi gbé oògùn náà. Nǹkan bí ogún awakọ̀ ajá ló gbà á lọ́wọ́ ara wọn, máìlì 674, láàárín ọjọ́ márùn-ún àti ààbọ̀. Leonhard Seppala ló sá ibi tó jìn jù, ajá tó ṣíwájú ọkọ̀ tirẹ̀ sì ń jẹ́ Togo. Orúkọ yìí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Tógò àwọn ará ilé wa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ̀nẹ̀ o. Orúkọ ọ̀gágun orí omi kan ní Japan ni wọ́n sọ ọ́. Balto, ajá tó gbé oògùn wọ ìlú, ni wọ́n wá mọ ère fún ní New York. Bí ayé ṣe rí nìyẹn: ẹni tó gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń rí.

Ṣùgbọ́n àbúrò wa ní Sẹ̀kọ̀nà kò wá ajá tó máa fa ẹrù. Ọ̀yà ló fẹ́ pa. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ àwọn ajá ilẹ̀ òtútù tí iṣẹ́ ọdẹ gan-an jẹ́ tiwọn. Ní Norway, wọ́n ní èyí tí wọ́n ń pè ní elkhound. Ní Rọ́ṣíà, wọ́n ní Laika, èyí tí orúkọ rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí gbígbó. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fún ajá tí Rọ́ṣíà jù sí ojú òfuurufú nínú Sputnik 2 ní oṣù kọkànlá ọdún 1957. Ajá ìgboro Moscow ni ìyẹn, kò sì padà wálé láàyè.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi elkhound ṣọdẹ? Ẹranko tí wọ́n ń lé ni moose, oníwo ràgàjì tó ga ju ẹṣin lọ. Ọdẹ á tú ajá sílẹ̀, ajá á lọ. Ó lè lọ kọjá òkè méjì kí ọdẹ má rí i mọ́. Òun nìkan ló máa wá òórùn, òun nìkan ló máa bá ẹran. Bí ó bá bá a, kò ní bù ú jẹ, torí tí moose bá ta á nípàá, ó parí. Ńṣe ni á máa sá yí i ká, á máa gbó, á máa fò sẹ́yìn, á fi ariwo dè é mọ́lẹ̀ títí ọdẹ á fi tẹ̀lé gbígbó náà débẹ̀. Ó lè gba wákàtí kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ohun tí irú iṣẹ́ yìí ń béèrè. Ajá tó ń dúró de àṣẹ kò lè ṣe é. Ọ̀gá kò sí níbẹ̀ láti pàṣẹ. Ajá náà gbọ́dọ̀ lè dá ìpinnu ṣe, kí ó lágbára láti sáré látàárọ̀ dalẹ́, kí ó má sì tètè sú u. Àwọn tó ń wa husky náà á sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ fún yín: ajá iwájú tó mọṣẹ́ á kọ̀ láti gun yìnyín tó bá fẹ́lẹ́, bí awakọ̀ tilẹ̀ ń pariwo pé kó lọ. Ìkọ̀jálẹ̀ yẹn ló ń gba ẹ̀mí àwọn méjèèjì là. Ṣùgbọ́n ìwà kan náà tó ń gbani là lórí yìnyín ni ẹni tó bá so ó mọ́ ìdí ọ̀pẹ sí ẹ̀yìnkùlé máa wá pè ní orí kunkun. Á walẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìṣúra. Á fo ọgbà. Á hu bí ìkookò lóru tí àwọn ará àdúgbò á fi máa wá kan ilẹ̀kùn.

Àwa náà mọ irú ajá bẹ́ẹ̀. Ẹ ẹ̀ lè sọ pé ẹ kò gbọ́ òwe yìí rí: ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lójoojúmọ́ la fi ń bá ọmọ wí, a sì ti gbàgbé pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni kí ó tó di òwe. Ọdẹ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti dúró sínú igbó rí, ó ti fọn fèrè títí ẹnu ń ro ó, tí ajá tó jẹ́ tirẹ̀ tí ó sì ń gbọ́ ọ dáadáa kò yíjú padà. Ajá ọdẹ wa kì í ṣe ẹrú. Ó máa ń rí ọ̀ràn tirẹ̀ rò.

Ilẹ̀ Ẹ̀dẹ sì jẹ́ ibi tó yẹ kí a ti sọ̀rọ̀ yìí, nítorí ilẹ̀ ọdẹ ni láti ìpìlẹ̀. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, a kà pé ìgbà tí àwọn ajínigbé ń da àwọn oníṣòwò láàmú lọ́nà ọjà Apòmù ni Aláàfin rán ọdẹ kan tó ń jẹ́ Tìmì lọ sí Ẹ̀dẹ láti lọ ṣọ́ agbègbè náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà ní Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná ni. Títí dòní olónìí, Tìmì ni oyè ọba Ẹ̀dẹ. Ní Òṣogbo tó múlé gbè wọ́n, Tìmẹ́hìn ọdẹ wà nínú ìtàn bí Láróòyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe dé etí odò Ọ̀ṣun. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìlú wa ṣe bẹ̀rẹ̀: ọdẹ ló kọ́kọ́ dé, ọba tẹ̀lé e. Mo máa ń ronú pé kí ọdẹ náà tó dé ibi kan, ajá rẹ̀ á ti kọ́kọ́ débẹ̀, á ti mu omi níbẹ̀, á ti sùn díẹ̀.

Ní agbègbè Sẹ̀kọ̀nà, lójú ọ̀nà tó so Ifẹ̀ mọ́ Òṣogbo, ilẹ̀ náà kì í ṣe igbó kìjikìji mọ́. Oko ni, igbó kékeré, ọ̀dàn díẹ̀, ẹsẹ̀ odò. Ẹran tó fẹ́ràn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀yà, òkété, ehoro, àti ẹtu níbi tó bá ṣì kù. Ọdẹ òru ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò ajá; iná orí àti ìbọn ló fi ń ṣiṣẹ́. Ìdẹ̀gbẹ́ ọ̀sán ni ti ajá. Àwọn ọkùnrin á yí igbó ká, ajá á wọnú rẹ̀, á tú ọ̀yà jáde, ẹni tó bá ní kóńdó tàbí ìbọn á dúró sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Tí òkété bá wọ ihò, ajá ló ń fi imú sọ ẹnu ihò tó yẹ kí a gbẹ́ àti èyí tó yẹ kí a dí.

Ìgbà tí iṣẹ́ yìí dùn jù ni ìgbà ọyẹ́. Láti oṣù kejìlá wọ oṣù kìíní, koríko ti gbẹ, wọ́n ti sun ìgbẹ́ kan, òwúrọ̀ tutù débi pé èémí ènìyàn fẹ́ máa hàn. Ajá á sáré fún wákàtí mẹ́ta kó má tíì yọ ahọ́n. Bí oòrùn bá ti ga, ó parí, á lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ kòkó. Ìyẹn ni pé ajá tiwa náà fẹ́ràn òtútù, òtútù tiwa ni kò pọ̀.

Àwọn ará ilẹ̀ òtútù ń fi gbígbó mọ ibi tí ajá wọn wà. Kí ni àwa ń fi mọ̀? Ṣaworo ni. Nínú igbó tó dí, ajá tó ń gbó kiri kí ó tó rí ẹran ti ba iṣẹ́ jẹ́, torí náà ajá tó mọṣẹ́ máa ń dákẹ́. Ọdẹ á wá so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn kí etí òun lè máa tẹ̀lé e. Tí ìró náà bá yára, ajá ń lé. Tí ó bá dúró lójijì, ó ti bá nǹkan ní ihò, tàbí nǹkan ti bá a. Ní àárín gbùngbùn Áfíríkà, lágbègbè Congo, àwọn ọdẹ ń ṣe ohun kan náà pẹ̀lú agogo onígi, nítorí ajá tiwọn, èyí tí ayé wá ń pè ní Basenji, kì í gbó rárá. Ó máa ń kígbe, ó máa ń ké bí ẹni ń kọrin, ṣùgbọ́n gbígbó bí ajá yòókù, rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù rèé. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ jáde nínú ìwé-àtìgbàdégbà Science. Wọ́n yẹ àbùdá ajá 414 wò, láti inú ìran ajá 85. Wọ́n ń wá ẹni tó bá ẹni tan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ajá òyìnbó tí a mọ̀ ló jẹ́ ọmọ àná. Láàárín nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ni wọ́n fọwọ́ ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ kan dá dúró, wọ́n sún mọ́ ìkookò, baba ńlá gbogbo ajá, ju àwọn yòókù lọ. Ta la bá níbẹ̀? Husky ti Siberia. Akita ti Japan. Basenji ti Congo náà wà níbẹ̀, òun àti àwọn ará ilẹ̀ yìnyín nínú agbo kan náà. Ẹni tó ń gbé nínú òjò àti ẹni tó ń gbé nínú yìnyín, àgbà ni àwọn méjèèjì, ìwà wọn sì jọra: wọn kò kọ́ bí a ṣe ń sin ènìyàn tán.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti bá ajá ọdẹ gbé ní Ẹ̀dẹ kò ní ṣe àjòjì sí ìwà husky. Ara ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ sí ara nígbà tí a bá gbé e kúrò ní ilẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, ìtàn ti sọ ọ́ fún wa lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan níbí, ẹ̀ẹ̀kan lókè òkun.

Tiwa ni ẹṣin. Ẹ̀dẹ tí a ń dé lónìí kọ́ ni Ẹ̀dẹ àkọ́kọ́. Ẹ̀dẹ-Ilé ni wọ́n ń pe ibi tí ìlú náà wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Ogundiran, onímọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, walẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi hàn pé àwọn ará Ọ̀yọ́ ló tẹ̀dó síbẹ̀ láti máa ṣọ́ ìjọba wọn. Igi oṣè, tó jẹ́ igi ọ̀dàn, ṣì wà níbẹ̀ bí àmì wọn. Nínú ohun tí wọ́n hú jáde ni egungun ẹṣin wà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹṣin, ní ẹ̀bá odò Ọ̀ṣun. Àríwá ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin. Ní apá ìhín, irù wà, eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ tó sì ń kó àrùn oorun ran ẹran. Ẹṣin tó bá wọ ilẹ̀ irù kì í pẹ́. Ọ̀yọ́ ní láti máa ra òmíràn dípò èyí tó kú, ọdún wọlé, ọdún jáde. Ológun tó jókòó sórí ẹṣin ní Ẹ̀dẹ-Ilé ń fi owó han ayé ni. Ẹṣin jẹ́ ọlá, ọlá sì ní iye tó ń náni. Ẹ̀gbọ́n wa tó fẹ́ ra husky ní Èkó kò dá nǹkan tuntun sílẹ̀.

Ti òkè òkun ni Basenji. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì rí ajá Congo, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ní 1895, wọ́n gbé méjì lọ síbi àfihàn Crufts ní London. Kò pẹ́ tí distemper fi pa wọ́n. Ní 1923, obìnrin ọlọ́lá kan, Lady Helen Nutting, kó mẹ́fà wá láti Sudan. Wọ́n fún wọn lábẹ́rẹ́ nítorí distemper kan náà, abẹ́rẹ́ ìgbà náà kò tíì dára, gbogbo wọn kú. Ìgbà tó di 1937 ni Olivia Burn tó lè fi tirẹ̀ han ayé ní Crufts, tí ìran wọn fi dúró níbẹ̀. Ó gbà wọ́n ní ohun tó lé ní ogójì ọdún kí ajá Áfíríkà tó lè wà láàyè ní England. Kì í ṣe òtútù nìkan ló pa wọ́n. Àìsàn tí ara wọn kò mọ̀ ni. Ọ̀kan tiẹ̀ ti wà ṣáájú gbogbo èyí: Georg Schweinfurth, ará Jámánì tó rin ìrìn àjò lọ sọ́dọ̀ àwọn Azande ní nǹkan bí 1870, mú ọ̀kan nínú ajá wọn wá sí ìlú Alexandria ní Íjíbítì. Ajá náà bẹ́ láti ojú fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó kú. Mo ti sọ fún yín pé wọn kì í dúró de àṣẹ.

Tí a bá wá yí i padà, tí ajá òtútù bá wá bá wa, ọ̀nà kan náà ló ń gbà kú. Èkíní ni ooru. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Ẹnu ló fi ń tú ooru jáde, ìdí nìyẹn tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Husky ní irun méjì lára, ti abẹ́ tó dà bí òwú àti ti òkè tó gùn. Aṣọ òtútù tí kò ṣeé bọ́ ni. Ẹ má sì fá a, torí irun òkè náà ló ń gba oòrùn kúrò lára awọ. Tí ajá bẹ́ẹ̀ bá sáré lé ọ̀yà ní Sẹ̀kọ̀nà láàárín oṣù kẹta, lọ́sàn-án, ara rẹ̀ lè gbóná débi pé á ṣubú lulẹ̀ kí ọdẹ tó rí omi. Ajá tó ń fẹ́ sáré ni, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Nínú yìnyín, ìwà yẹn kò léwu. Níbí, òun ló máa pa á.

Èkejì ni eégbọn. Eégbọn ilẹ̀ wa ń kó kòkòrò babesia sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko yòówù: ajá òyìnbó ló ń kún iwájú wọn tí itọ̀ rẹ̀ pupa bí omi ìṣápá, tí ètè rẹ̀ funfun. Irù tó pa ẹṣin náà ń pa ajá. Ajá ìbílẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ wọn pátápátá o, ṣùgbọ́n àwọn tó lè kú nínú ìran rẹ̀ ti kú láti ìgbà pípẹ́, èyí tó ṣẹ́kù ló bí wọn. Ní 2018, ìwádìí kan tó jáde nínú Molecular Biology and Evolution ka gbogbo àbùdá àwọn ajá Áfíríkà, ti Nàìjíríà wà nínú wọn. Wọ́n rí àmì pé ara àwọn ajá wọ̀nyí ti yí padà láti bá àwọn kòkòrò àìsàn ilẹ̀ olóoru jà. Ajá tí a ń pè ní ekuke, tí àwọn alátẹ̀ẹ̀jẹ ń pè ní 404, òun ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ olówó ńlá wò pé kí ló fi ń wà láàyè.

Ẹnì kan á ní, “Ṣebí husky wà l'Ékòó, wọ́n sì ń sanra.” Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n wà. Inú yàrá oní-éésì ni wọ́n ń sùn, jẹnẹrétọ̀ ń ké nítorí wọn, ẹnì kan ń gba owó oṣù láti máa mú wọn rìn kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó ń ṣe é dáadáa náwó, wọ́n sì náà lákòókò, mi ò ní bú wọn. Ṣùgbọ́n sísin ajá nìyẹn, kì í ṣe ọdẹ. Ní Sẹ̀kọ̀nà, ewúrẹ́ aládùúgbò ń rìn kiri, adìyẹ ń rìn kiri, husky sì ni ajá tó ń wo gbogbo ohun tó bá sáré bí oúnjẹ. Ọjọ́ tó bá já ìdè, ẹ máa san owó ewúrẹ́. Ọ̀nà ńlá tún wà níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré. Ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ó fi ara rẹ̀ bọ Ògún ni. Ajá ìbílẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, ó ń wo ọ̀tún wo òsì ju àwọn ọmọ ilé ìwé mìíràn lọ.

Nítorí náà, àbúrò wa, ìdáhùn mi rèé: bàbá yín ló ní ẹjọ́ yìí. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ẹ dúpẹ́, kí wọ́n fi ìdá díẹ̀ nínú owó náà ṣe nǹkan mìíràn. Àwọn ajá méjì yín tó darúgbó yẹn, tí ọ̀kan bá jẹ́ abo tó ṣì lè bímọ tàbí tí ọmọ wọn bá wà lọ́wọ́ ọdẹ kan ní abúlé tó wà nítòsí, ẹ lọ wá a kí ẹ tó wá ohunkóhun. Ọmọ ajá tí ìyá rẹ̀ mọ ìgbẹ́ ni kí ẹ mú, kì í ṣe èyí tó lẹ́wà jù. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún un lọ́dọọdún, ẹ fún un ní ti distemper àti parvo nígbà tó bá ṣì kéré, torí ìyẹn ń pa ti ìbílẹ̀ náà. Ẹ máa yọ eégbọn lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa tẹ̀lé àgbà ajá lọ sígbẹ́ ní ọyẹ́ kan gbáko kí ẹ tó retí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ajá ló ń kọ́ ajá. Ènìyàn kàn ń ru oúnjẹ ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju husky lọ ni pé kò sẹ́ni tó ń kọ ìran ajá ọdẹ wa sílẹ̀. Àwọn Tuareg ní Mali àti Niger ní ajá tiwọn, Azawakh, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìran ajá sì ti gbà á wọ ìwé. Basenji wà nínú ìwé. Tiwa kò sí níbẹ̀. Láwọn ìlú ńláńlá, wọ́n ti ń da á pọ̀ mọ́ Alsatian àti Rottweiler kí ó lè ga, kí ó lè dẹ́rù ba olè. Ọdẹ náà ń dínkù, ẹran ìgbẹ́ ń dínkù, àwọn ọmọ ọdẹ ń gun ọ̀kadà. Tí ajá tó mọ ọ̀nà ihò òkété bá kú láìbímọ, kò sí ibi tí a ti lè lọ rà á.

Orúkọ wọn pàápàá ń lọ. Ní Íjíbítì, Ọba Intef Kejì, tó jẹ ní ohun tó lé ní ẹgbàajì ọdún sẹ́yìn, ya àwọn ajá rẹ̀ sára òkúta ibojì rẹ̀, ó sì kọ orúkọ wọn sí i. Wọ́n ní èdè àwọn Berber ni díẹ̀ nínú orúkọ náà, ọ̀kan túmọ̀ sí ẹgbin. Ọba kú, ajá kú, orúkọ ajá kò kú. Nínú ìtàn àlọ́ tiwa, ta ni kò mọ àwọn ajá mẹ́ta ọdẹ yẹn, Òkémọkéréwú, Ọ̀sọ̀pàkàgbọ́mọmì àti Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé? Àwọn ọdẹ gidi náà kì í ṣàdédé sọ ajá lórúkọ. Orúkọ ajá ni wọ́n fi ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò. Ẹni tí wọ́n ti pẹ̀gàn rẹ̀ á sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, ẹni tí ìyàwó arẹwà ti fi ojú rẹ̀ rí nǹkan á sọ ọ́ ní Ìwàlẹwà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á pe ajá náà kíkankíkan, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn á gbọ́ látinú ilé rẹ̀, kò sì ní rí ohun tó máa fi bá a jà. Ajá ló ń pè.

Lónìí, ajá mẹ́rin nínú márùn-ún tí mo bá pàdé, Bingo ni wọ́n ń jẹ́.

Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí bàbá bàbá yín ṣọdẹ, ní Ẹ̀dẹ, ní Sẹ̀kọ̀nà, ní Ìrágbìjí, níbikíbi: ẹ kọ orúkọ ajá wọn ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì sọ ẹni tí wọ́n fi orúkọ náà bá wí, tí onítọ̀hún bá ti kú tàbí tí kò bá ní bínú. A máa kà wọ́n nínú ètò tó ń bọ̀.